Níbo Lẹ Máa Sùn? Àgbádárìgì, Àwọn Àlejò Rẹ̀ àti Ilé Bàbá Wa

Èmi olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ yín náà ni. Ìtàn ni mo gbé wá lóṣù yìí, àmọ́ mo fẹ́ fi ìbéèrè kan ṣáájú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dáhùn lórí WhatsApp, ẹ kọ́kọ́ kà á tán: nígbà tí ẹ wálé kẹ́yìn, níbo lẹ sùn?

Ohun tó bí ìbéèrè yìí nìyí. Lóṣù tó kọjá, àwa ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ yìí dáwó jọ, a wọ bọ́ọ̀sì, a lọ lo òru méjì ní Àgbádárìgì. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rí orúkọ ìlú yẹn nínú ìwé láìfẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Àwọn yòókù sọ fún mi pé ní tàwọn o, kì í ṣe ìtàn làwọn bá lọ, òkun làwọn fẹ́ wò. Mo ní kò burú, ká jọ máa lọ.

Òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀mẹ́, kò jìnnà sí etíkun. Kì í ṣe ti olówó ńlá, kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn máa dé tí ẹ̀rù á máa bà á láti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Àárín méjì ló wà. Yàrá mẹ́ta la gbà, àwa mẹ́ta-mẹ́ta nínú yàrá kan, torí owó. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tó bá ti di aago méjìlá òru, wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀, ooru á sì dé. Omi tí a fi wẹ̀ níyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Láàárọ̀, wọ́n gbé búrẹ́dì, ẹyin díndín àti tíì wá fún wa, a jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ẹ máa bá mi bọ̀, mi ò kàn ń ṣe ìròyìn oúnjẹ.

Kí wọ́n tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, obìnrin tó wà nídìí káńtà gbé ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan síwájú mi. Ó ní, "Ẹ bá wa kọ orúkọ yín síbí, sà. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ̀ ń lọ, kí ẹ wá fọwọ́ sí i." Mo kọ ọ́. Àmọ́ ojú mi ò kúrò lára ìwé náà. Ẹnì kan ti Kùtọnu wá. Ẹnì kan ti Ìbàdàn wá, ó ń lọ sí Lóòmẹ̀. Tọkọtaya kan wá láti Ìkòròdú. Mo wá ń rò ó pé, ẹni tó bá pa ìwé yìí mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìtàn ló pa mọ́ yẹn o.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo Àgbádárìgì lọ́nà mìíràn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sí ìlú tí wọ́n ti kó ẹrú lọ, àti ìlú tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ wà. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, ìlú àlejò ni. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, láti 1825 sí 1852, ó ṣòro kí nǹkan ńlá kan tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá láìjẹ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sùn ní Àgbádárìgì. Ẹ jẹ́ ká ka ìwé àlejò ìlú náà pọ̀.

Àlejò tó gba àlejò

Ìdí tí àlejò fi ń ya ibẹ̀ kò le. Ọ̀sà wà níwájú ìlú, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n láàárín. Ọkọ̀ òyìnbó á dúró lójú òkun, àwọn ọlọ́kọ̀ ojúmi á lọ kó èrò àti ẹrù wá sétí iyanrìn, wọ́n á sọdá ilẹ̀ yẹn, wọ́n á tún wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà kí wọ́n tó dé ìlú. Láti ibẹ̀, ẹni tó bá ń lọ sókè á gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá lọ, ẹni tó bá ń lọ sí Èkó tàbí Pọ́tọ̀nófò á gba orí omi. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni ìlú náà, àmọ́ àwọn Yorùbá àti onírúurú èèyàn ti ń bá wọn gbé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ìparí ọdún 1825, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton gúnlẹ̀ síbẹ̀. Richard Lander, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gba Àgbádárìgì kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n rí Aláàfin Májòtú, wọ́n sì tẹ̀ síwájú títí dé Sókótó. Ibẹ̀ ni Clapperton kú sí ní 1827. Lander nìkan ló padà. Nígbà tó dé Àgbádárìgì lọ́dún kan náà, àwọn Potogí tó ń ra ẹrú níbẹ̀ sọ fún àwọn ìjòyè pé amí ni. Wọ́n gbé omi májèlé fún un mu, pé tó bá kú, ìkà ni, tí kò bá kú, kò lẹ́ṣẹ̀. Ó mu ún, ó padà sílé tó dé sí, ó mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bì í. Kò kú. Èèyàn kúkú lè rò pé ọmọkùnrin yẹn ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ ìlú náà mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o: ní March 1830, òun àti John àbúrò rẹ̀ tún padà wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì tún dé sí kí wọ́n tó lọ wá ibi tí odò Ọya ti ń já sí òkun.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni ẹni tó gbà wọ́n lálejò ní 1830. "Adooley" ni wọ́n pè é nínú ìwé tí wọ́n kọ. Ẹ pè é sókè dáadáa: Adélé ni. Ọba Èkó ni Adélé tẹ́lẹ̀ kí Òṣínlókun tó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1821. Àgbádárìgì ló sá lọ. Ó dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó di ẹni tó ń pàṣẹ níbẹ̀, òun ni àlejò òyìnbó wá ń kí, òun ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn fún kó tó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Nígbà tó yá, ní nǹkan bí 1835, ó padà sí Èkó, ó sì tún jọba lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ilé tí àwọn Lander dé sí, onílé ibẹ̀ gan-an ń dúró de ọjọ́ tí yóò padà sílé ara rẹ̀.

Àwọn tó ń dúró de ọ̀nà

Láti 1839 ni oríṣi àlejò mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ Ẹ̀gbá. Wọ́n ti kó wọn lẹ́rú rí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó sì kó wọn sọ̀kalẹ̀ ní Sàró. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn èèyàn wọn ti tẹ Abẹ́òkúta dó, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ fojú inú wò ó: etíkun tí wọ́n ti ń kó èèyàn lọ, ibẹ̀ kan náà ni àwọn tí wọ́n kó lọ ń gbà bọ̀.

Àwọn ará Sàró wọ̀nyí ló ránṣẹ́ pe àwọn oníwàásù. Ní September 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé. Ní December ọdún kan náà, Henry Townsend ti ìjọ CMS dé, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe ìsìn Kérésìmesì níbẹ̀. Wọ́n ṣì máa ń fi ibi tí igi Àgíà wà han àlejò, igi tí wọ́n ní wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀. Igi náà ti wó ní 1959, òpó ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ní January 1845, Townsend padà wá, òun àti C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther, pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ ni wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú. Ogun sì ti dí ọ̀nà. Wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò sì padà sẹ́yìn. Ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ tí wọ́n fi wà ní Àgbádárìgì. Àlejò tó rò pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lòun máa lò wá di ẹni tó ń kọ́lé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa ń yàwòrán síwájú rẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀.

Mo dúró lókè ilé yẹn, mo ń wo ọ̀sà láti ojú fèrèsé, Crowther ni mo sì ń rò. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, òun àti ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n yà wọ́n. Ó ti di ẹni tó lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ó ti di àlùfáà, ó níyàwó, ó bímọ. Ó jókòó sí Àgbádárìgì, ó ń wàásù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, kò mọ̀ pé ìyá òun ṣì wà láàyè. Ní August 1846 ló dé Abẹ́òkúta, oṣù yẹn kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n o! Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ péré ló wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń dúró.

Àwọn tí wọn ò béèrè orúkọ wọn

Mi ò lè ka ìwé àlejò Àgbádárìgì kí n fo ojú ewé kan. Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ilé Sẹ̀ríkí Abass. Yàrá kéékèèké tò lọ nínú ọgbà náà. Fèrèsé ibẹ̀ kò fẹ̀ ju kí ọwọ́ gba ibẹ̀ lọ. Àwọn tó ń mú èèyàn yíká níbẹ̀ máa ń sọ pé ogójì èèyàn ni wọ́n ń rọ́ sínú yàrá kan. Ẹnì kan nínú wa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ibẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, kò tó yàrá wa lótẹ́ẹ̀lì." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Yàrá tí àwa mẹ́ta ti ń ráhùn pé ooru mú lálẹ́ àná.

Sẹ̀ríkí Abass fúnra rẹ̀, ọmọ Ìjọ̀ga-Orílé nílẹ̀ Yewa ni wọ́n pè é. Wọ́n kó òun náà lẹ́rú ní kékeré, ó dé Bùràsíìlì, ó padà wá, ó di ọlọ́rọ̀ tó ń bá wọn ṣòwò èèyàn, ó di olóyè ńlá, ó sì kú ní 1919. Àwọn ìran rẹ̀ ló ṣì ń tọ́jú ibẹ̀, wọn ò sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ pamọ́ fún wa. Mo kí wọn fún ìyẹn. Ìdílé mélòó nínú wa ló lè ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò?

Lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ ojúmi, a sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, a fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n mú àwọn èèyàn yẹn gbà títí a fi já sétí òkun. Oòrùn mú. A ra omi mu lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn tó sọ pé òkun làwọn bá wá kò sáré wọnú omi mọ́. A kàn dúró ni.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ ti orí káńtà. Èmi tí mo sùn òru méjì, wọ́n béèrè orúkọ mi, wọ́n béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀ àti ibi tí mò ń lọ. Àwọn tí wọ́n fi sínú yàrá wọ̀nyẹn, wọn ò béèrè ìkankan lọ́wọ́ wọn. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ìlú tiwa náà wà nínú wọn. Ta ló máa sọ fún wa?

Bí àlejò ṣe tán

Àlejò ńlá tó kẹ́yìn ni Akíntóyè. Òun náà ọba Èkó ni. Kòsọ́kọ́ lé e kúrò lórí ìtẹ́ ní 1845, ó kọ́kọ́ lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó dé sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn oníwàásù àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá òun padà. Àlejò yìí gbé ìjà wọ̀lú o. Ní June 1851, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn tó ń bá Kòsọ́kọ́ ṣe kọjú ìjà síra wọn láàárín ìlú, iná sì jó ọ̀pọ̀ ilé. Ní December ọdún yẹn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Akíntóyè sì padà sórí ìtẹ́.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Bí Èkó ṣe ṣí báyìí, àlejò Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Gollmer kó lọ sí Èkó ní 1852. Àwọn oníṣòwò tẹ̀lé e. Ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ní 1863 wọ́n gba Àgbádárìgì mọ́ ọn. Ìlú tí Èkó ń sá tọ̀ wá nígbà ìṣòro wá di ìlú tó wà lábẹ́ Èkó. Àlejò ò kì í bá onílé gbé títí. Tọ́nà bá yí, àlejò á yí.

Àmọ́ àwọn ilé ò lọ. Ìdí tí a fi rí nǹkan wò nìyẹn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ti lé ní ọdún 175, àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣì gbà wá. Àwọn tí àlejò fi ìlú sílẹ̀ fún ló tún òrùlé ṣe, tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń sọ ìtàn fọ́mọ. Lónìí, àlejò ti tún ń bọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì etíkun wọ̀nyẹn, ohun tí wọ́n ń tà ni òkun àti ìtàn, a ò sì lè ta ìtàn tí ẹnì kankan ò tọ́jú.

Ilé wa ńkọ́?

Ní òru kejì, nígbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, oorun ò kùn mí. Mo jáde síta. Èèyàn ń gbọ́ ìró òkun láti ibẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ ọgbà jókòó sídìí géètì, Ẹ̀gùn ni bàbá náà, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo kí i, mo jókòó tì í. Ó béèrè ìlú mi, mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé ìlú ńlá ni?" Mo ní ó tóbi díẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá wá kí ẹ níbẹ̀, ilé wo lo máa fi mí wọ̀ sí?"

Bàbá ò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn, ó kàn ń ṣàwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ilé wa. Àmọ́ irọ́ ni mo pa, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wa fún yín, torí a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹlòmíràn. Lọ́dún tó kọjá la sin ìyá tó bí bàbá mi. Yàrá mẹ́jọ ló wà nílé wa, méjì péré ló ṣeé sùn sí. Òrùlé àwọn tó kù ti jò, ẹrù ẹni tó ti kú ló kún ọ̀kan, ìjà ogún ti àwọn méjì pa. Gbogbo ọmọ àti ọmọ ọmọ ló wálé. Òtẹ́ẹ̀lì ojú títì la gbà sí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé mama wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́ tí a máa sin wọ́n, àwa ọmọ wọn wà lótẹ́ẹ̀lì. Yàtọ̀ sí àwọn ìyá méjì tó jókòó tì wọ́n, àwọn nìkan ló sùn sílé.

Mi ò sọ èyí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Òtẹ́ẹ̀lì dára. Àwọn ọmọ ìlú wa ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó tí ẹ bá ná síbẹ̀, inú ìlú ló wà. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ láti London pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ò lè sùn sábẹ́ òrùlé tó ń jò, ẹ̀fọn sì ń bẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí: tí ọmọ yín bá wálé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlú yẹn ti di ìlú tó ṣàbẹ̀wò sí. Ọ̀rọ̀ "ìlú mi" kò ní rí ibì kan gúnlẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀. Adélé sùn sílé onílé fún bí ọdún mẹ́rìnlá, ó mọ̀ síbẹ̀ pé ilé òun wà ní Èkó. Crowther fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jìnnà, ó ṣì ń wá ilé. Àwa tí ilé wà níbẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, kí ló ṣe wá?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àróbá, àróbá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn tó ń sọ àróbá fún wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà ń rí ìkéde ìsìnkú lórí ẹ̀rọ yín.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ gbogbo agboolé kó tó di December.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, bíi ti orí káńtà yẹn. Ìwé ọmọ ilé ìwé lásán tó. Ẹ kọ ẹni tó kọ́ ilé náà síbẹ̀ àti ọdún tó kọ́ ọ, tí a bá mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Ẹ sì kọ àwọn àlejò tó gbébẹ̀ rí: tíṣà tó wá láti ìlú míì, àgùnbánirọ̀, oníṣòwò kòkó, ẹni tí ogun tàbí ìjà lé wá. Tó bá jẹ́ pé ẹrú tàbí ìwọ̀fà wà nínú ìtàn ilé náà, ẹ kọ orúkọ wọn síbẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ọmọ wọn wà láàárín wa, ìbátan wa ni wọ́n.

Èkejì, ẹ̀yin àgbà tí kíkọ̀wé ò rọrùn fún, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bó jẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni, bó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni, ẹ fi ránṣẹ́ sí èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀. Àwa la máa jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ń bínú síra yín lórí ọ̀rọ̀ ogún, kálukú sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n, a máa kọ méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni kọ́ ilé tuntun. Yàrá kan ṣoṣo ni kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tún ṣe: páànù tí kò jò, fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì kan, ilẹ̀kùn tó ń tì. Iye tí ẹlòmíràn ń san fún òru mẹ́rin lótẹ́ẹ̀lì láàárín ọdún máa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nílé ti gbà láti fi ọjọ́ Sátidé ṣiṣẹ́ níbi tí ẹbí bá ti ra ohun èlò. Ilé wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ò tíì máa kí ara wọn tán, àmọ́ àwọn méjèèjì ti dá owó páànù yàrá mama.

Ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò ní Àgbádárìgì, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. Obìnrin ìdí káńtà yẹn ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìlà pa orúkọ wa, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, sà, a tún máa retí yín." Wọ́n ti tọ́jú wa tó, inú wa sì dùn. Àmọ́ ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà sì ni àbọ̀ sinmi oko.

Nígbà tí ẹ bá ń múra bọ̀ ní ìparí ọdún, ẹnì kan á pè yín, á ní, "Ẹ kú ìmúra o. Níbo lẹ máa sùn?" Mo fẹ́ kó jẹ́ pé, ó kéré tán, ẹ ní ìdáhùn méjì tí ẹ lè mú ọ̀kan nínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín, olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn báyìí o.